Díìsìkì iwájú àti bẹ́árìn V-boot: kí ni kí n mọ̀ kí n tó tú u nílé?

Awakọ̀ Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mercedes 230E ni ọkọ̀ náà, V-boot tí gbogbo wa mọ̀. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá tí mo tẹ bírékì, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, pẹ́dà náà á sì máa ta mí lẹ́sẹ̀. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan kan ń hùn níwájú lápá òsì tí eré bá ti kọjá 60. Bí mo bá rọra yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ohùn yẹn á ròkè sí i. Bí mo bá yí i sósì, á rọlẹ̀.

Mo ti ra díìsìkì méjèèjì àti páàdì tuntun. Mo ní jáàkì, sítáǹdì méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì, L-key àti òòlù. Ọgbà tí mo fẹ́ ti ṣe é, ìdajì rẹ̀ jẹ́ interlock, ìyókù jẹ́ ilẹ̀ pupa. Ṣé kí n fọ bẹ́árìn kí n fi gírísì tuntun sí i níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹ́ tú táyà, àbí kí n kúkú pààrọ̀ rẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀tì àárín dé? Ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Bàbá Jáàkì, Àpáta

Àbúrò, o káre tí o bèèrè kí o tó fọwọ́ kàn án. Ohùn tó ń ròkè bí o bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún, bẹ́árìn òsì ló ń ké. Bí ọkọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún, apá òsì ni ìwúwo rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí. Ti òsì yẹn ti kọjá ohun tí gírísì lè tún ṣe. Ra odindi rẹ̀, ti inú àti ti ìta, pẹ̀lú òrùka wọn. Ti ọ̀tún ni kí o fọ̀ kí o yẹ̀ wò. Síìlì (rọ́bà tó ń dá gírísì dúró) tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù (irin àárín tí díìsìkì àti táyà jókòó lé) ní tirẹ̀, méjì tuntun ni kí o rà, nítorí kò sí bí o ṣe máa yọ ti àtijọ́ tí etí rẹ̀ kò ní tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí máa ń gbé ẹsẹ̀ sítáǹdì mì díẹ̀díẹ̀, o kò ní mọ̀ títí ọkọ̀ á fi fì. Interlock sàn jù ú lọ, àmọ́ wá pákó tó nípọn tó íǹṣì méjì, tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ sítáǹdì lọ, kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ sítáǹdì àti jáàkì. Má fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé gbé ọkọ̀ láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Tẹ bírékì ìdúró (ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ ti V-boot, táyà ẹ̀yìn ló sì ń dì mú), fi igi tàbí òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí o sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 17 dẹ bóòtì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀.

Títú rẹ̀ kò le. Yọ wáyà tó ń sọ fún dáṣíbọ́ọ̀dù pé páàdì ti tán. Bóòtì ńlá méjì ló de kálípà (irin tó gbé páàdì dání) mọ́ ẹ̀yìn. Tú wọn, gbé kálípà kúrò lódindi, kí o fi wáyà so ó kọ́ sára sípíríìn. Rọ́bà bírékì tí ọ́ìlì ń gbà wọ kálípà kọ́ ló gbọ́dọ̀ gbé ìwúwo rẹ̀ dání. Bí ó bá gbé e, inú rọ́bà lè ya níbi tí ojú kò lè rí, lẹ́yìn náà ni bírékì ẹ̀gbẹ́ kan á máa dì tí kò ní tú.

Síkúrù kékeré kan ló mú díìsìkì mọ́ họ́ọ̀bù, ó sì sábà máa ń gan. Ki L-key bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, lu ẹ̀yìn L-key náà bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó yí i. Lílù yẹn ló ń tú ìpẹtà. Bí orí rẹ̀ bá jẹ tán, fi dírìlì gbẹ́ orí náà kúrò. Má bẹ̀rù, bóòtì táyà márààrún ló ń di díìsìkì mú gan-an, síkúrù yẹn kàn ń mú un dúró kí táyà tó wọlé ni. Bí díìsìkì fúnra rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ti òsì o lè lù ú bó ṣe wù ọ́, torí pé bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ yẹn ń lọ. Ti ọ̀tún, rọra: òòlù tí o bá lù sórí díìsìkì, inú bẹ́árìn ló ń parí sí. Fọ́n WD-40 sí àárín rẹ̀ àti sí ihò bóòtì, fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí, kí o tó fi òòlù rọ́bà kàn án yípo.

Ìdérí irin kékeré kan wà láàárín họ́ọ̀bù tó ń bo gírísì. Fi òòlù kékeré ta etí rẹ̀ yípo, kí o fi screwdriver gbé e díẹ̀díẹ̀. Wo inú rẹ̀ dáadáa: irin bàbà tín-ín-rín kan lè wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ń kan ẹnu ọ̀pá tí họ́ọ̀bù ń yí lórí rẹ̀. Òun ló ń kó iná tí yíyí táyà ń dá sílẹ̀ kúrò, kí rédíò má baà máa ṣe ṣààà. Má tẹ̀ ẹ́, má sì sọ ọ́ nù. Ọ̀pọ̀ V-boot tó wà nígboro ni kò ní in mọ́ nítorí ẹni tó tú u rò pé ìdọ̀tí ni.

Nọ́ọ̀tì Benz yìí kò ní pín-ìn-nì. Ara rẹ̀ là níbì kan, síkúrù L-key kan ló ń fún un pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Dẹ síkúrù yẹn, nọ́ọ̀tì á fi ọwọ́ yí. Yọ ọ́, yọ wọ́ṣà, fi àtàǹpàkò dí bẹ́árìn ìta kó má baà já sínú iyẹ̀pẹ̀, kí o fa họ́ọ̀bù bọ̀ ní tààrà.

Mo ń bọ̀ wá sórí fífọ̀ àti nọ́ọ̀tì, wọ́n gùn.

Ọmọ Gate

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, tí ẹ bá ń lọ ra bẹ́árìn ní Ararọ̀mí, ẹ má gba tòkunbọ̀ bó ti wù kó dán tó. Wọ́n lè fi epo nù ún kó máa tàn yanran, ẹ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin: nọ́ńbà àti orúkọ tó wà lára róólà àti tó wà lára òrùka rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ti ayédèrú, yínǹkì ni wọ́n sábà fi ń tẹ̀ ẹ́, èékánná lè ha á kúrò. Bẹ́árìn tuntun tòótọ́ máa ń ní epo fẹ́lẹ́ lára nínú ọ̀rá rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìpẹtà díẹ̀ báyìí, ẹ dá a padà.

Díìsìkì tí ẹ ti rà, ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó tú ọkọ̀: fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí, gíga àárín rẹ̀, bóyá ó ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín tàbí kò ní. Mercedes W124, ìyẹn V-boot yìí, kò lo ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹ́ńjìnì. Ẹni tó kọ́kọ́ tú ọkọ̀ kó tó mọ̀ pé kò bá a mu, inú ọ̀kadà ló máa gbà padà sọ́jà.

Tí ẹ bá fọ bẹ́árìn tán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà tó wà nítòsí kó fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọn, kíá ló máa gbẹ.

Bàbá Jáàkì, Àpáta

Ọmọ Gate, gbogbo ohun tí o sọ nípa ọjà dára, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gbé bẹ́árìn lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Afẹ́fẹ́ yẹn máa ń mú róólà yí ní eré burúkú láìsí gírísì, irin á máa ha irin. Róólà lè fò jáde kúrò nínú àgò rẹ̀ (irin tó kó àwọn róólà jọ) pàápàá, ojú ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa gbà á. Omi sì wà nínú táǹkì afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Omi yẹn lẹ máa fọ́n sórí irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Àbúrò Bódìjà, bó o ṣe máa fọ̀ ọ́ nìyí. Da kẹrosíìnì sínú abọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, da èyí tó ti dúdú nù, tún bu òmíràn, títí kẹrosíìnì kò fi ní yí àwọ̀ mọ́. Má lo pẹtiróòlù, iná kò jìnnà sí i. Kẹrosíìnì náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀, torí ó máa ń yọ́ gírísì tuntun: fọ́n brake cleaner sí i, fi aṣọ tí kì í tu òwú nù ún, kí o tẹ́ ẹ sórí bébà mímọ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Nu inú họ́ọ̀bù náà, má fi gírísì àtijọ́ kankan sílẹ̀. Oríṣi gírísì méjì tí wọn kò bá ara wọn mu lè ṣàn bí omi tí wọ́n bá pàdé.

Ti òsì, òrùka ìta méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù tí o gbọ́dọ̀ yọ. Fi ọ̀pá bàbà lu etí wọn láti inú, ẹ̀ẹ̀kan níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan ní òdìkejì, kí wọ́n má baà wọ́ kí wọ́n sì ha ihò. Láti lu tuntun wọlé, lo òrùka àtijọ́: yọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ kí òun náà má baà há, gbé e lé tuntun lórí, kí o máa lù ú yípo. Tẹ́tí sí i. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń wọlé, ohùn òòlù á fẹ́lẹ́. Tó bá ti jókòó tán, ohùn náà á ki lẹ́ẹ̀kan náà. Dúró níbẹ̀. Má sì fi òrùka tuntun bá róólà àtijọ́ lò, tàbí kí o ṣe òdìkejì rẹ̀.

Gírísì: ti bẹ́árìn táyà tó lè gba ooru ni kí o bèèrè, èyí tí wọ́n kọ NLGI 2 sí lára. Gírísì dúdú tí wọ́n ń fi sí sípíríìn tírélà kọ́. Bu u sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, mú bẹ́árìn lọ́wọ́ ọ̀tún, kí apá rẹ̀ tó fẹ̀ kọjú sí gírísì, kí o máa fi etí rẹ̀ ha á mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń fi òkèlè ha ọbẹ̀ létí àwo. Ojú kan náà ni kí o máa ha títí gírísì á fi yọ láàárín àwọn róólà lápá kejì. Ìgbà náà ni kí o yí bẹ́árìn díẹ̀, kí o bọ́ sí ojú mìíràn, títí o ó fi yí i po. Ẹni tó bá kàn fi ìka kùn ún lára kò tíì ṣe nǹkan kan, inú àgò ṣì gbẹ.

Gbogbo gírísì tí họ́ọ̀bù kan ń fẹ́, pẹ̀lú ti ìdérí, kò ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ, bí ṣíbí ìjẹun mẹ́rin àti díẹ̀. Àárín bẹ́árìn méjèèjì, kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ògiri, má ki gírísì kún un. Tí ooru bírékì bá mú un, á wú, á wá ọ̀nà jáde, síìlì ẹ̀yìn ló sì máa gbà kọjá sórí díìsìkì. Páàdì tó bá ti mu gírísì, kò sí ohun tó lè yọ ọ́. Tuntun ni wàá tún rà.

Bẹ́árìn inú ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà síìlì. Fi pákó pẹlẹbẹ lé síìlì lórí, lù ú díẹ̀díẹ̀ kó lè wọlé dọ́gba, kí o fi gírísì díẹ̀ kùn ún ní ètè.

Ó wá ku nọ́ọ̀tì. Gbé díìsìkì lé e, ṣùgbọ́n má tíì dá kálípà padà. Ìfọwọ́kàn páàdì á tàn ọ́ jẹ. Máa fi ọwọ́ kan yí họ́ọ̀bù, kí o fi ọwọ́ kejì fún nọ́ọ̀tì títí yíyí rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Èyí wà kí róólà lè jókòó ni, ibẹ̀ kọ́ lo máa fi í sí. Dá nọ́ọ̀tì padà bí ìdá kan nínú mẹ́ta yíyí kan. Fi òòlù rọ́bà kan ẹnu ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan kí ìfúnpọ̀ tó kù lè tú. Ní báyìí, máa fa họ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn, kí o máa fún nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀nba, títí kíkan tí ò ń gbọ́ lọ́wọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mercedes fẹ́ kí ààyè 0.01 sí 0.02 mm ṣẹ́kù. Bí o bá lè yá dial gauge (aago tó ń wọn ìsún kékeré), so ó mọ́ họ́ọ̀bù kí ẹnu rẹ̀ kan ẹnu ọ̀pá. Bí kò bá sí, fi ẹnu screwdriver ti wọ́ṣà tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì: ó gbọ́dọ̀ sún pẹ̀lú agbára ìka. Bí ó bá gan, ó ti le jù. Bí ó bá ń fò káàkiri láìti í, ó ti dẹ̀ jù. Fún síkúrù L-key, kí o tún ti wọ́ṣà náà wò, nítorí pé fífún síkúrù yẹn máa ń yí ohun tí o ṣe padà díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: nọ́ọ̀tì yìí kì í ṣe nọ́ọ̀tì tí à ń fún. Ẹni tó bá fún un bí ó ṣe ń fún bóòtì táyà, bẹ́árìn á gbóná, irin á wú, ìwọ̀nba ààyè tó kù á tán, gírísì á yọ́ jáde, róólà á di aláwọ̀ búlúù, ó sì lè gan lójú ọ̀nà Èkó pẹ̀lú ẹbí nínú ọkọ̀. Tó bá dẹ̀ díẹ̀, o máa gbọ́ ọ kó tó bàjẹ́. Tó bá le, o kò ní gbọ́ nǹkan kan títí á fi pẹ́ jù.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Agbowó

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti bẹ́árìn tán, ẹ ṣé é sà. Gbígbọ̀n ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé bí ẹ bá gbé díìsìkì tuntun lé họ́ọ̀bù tó dọ̀tí, gbígbọ̀n yẹn máa padà wá láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó sì ní wọ́n ta ayédèrú fún yín.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ooru ti mú díìsìkì wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé díìsìkì kò jókòó dọ́gba, ó ń fì díẹ̀ bó ṣe ń yí. Kódà nígbà tí ẹ kò tẹ bírékì, ojú kan náà lára rẹ̀ ló ń kan páàdì ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ á sì máa jẹ. Bó bá pẹ́, díìsìkì á nípọn níhìn-ín, á fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá wá tẹ bírékì, ibi tó nípọn á ti písítìn (irin inú kálípà tó ń ti páàdì) padà, ibi tó fẹ́lẹ́ á dẹ̀ ẹ́. Òun ló ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ojú họ́ọ̀bù tí díìsìkì jókòó lé kò ju bí ìdajì fífẹ̀ díìsìkì lọ. Ìpẹtà tó nípọn tó 0.05 mm lápá kan ojú họ́ọ̀bù á ti di nǹkan bí 0.10 mm létí díìsìkì, 0.10 yẹn sì ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ni kí ẹ fi fọ ojú họ́ọ̀bù títí irin á fi hàn, pàápàá jù lọ ní gbòǹgbò àárín níbi tí ìpẹtà ti ń kó jọ bí òrùka. Ẹ má lo fáìlì, á jẹ irin gan-an. Ẹ fi ọwọ́ ra á. Ohun tí ojú kò rí, ìka á gbọ́ ọ. Ẹ kùn gbòǹgbò àárín nìkan pẹ̀lú gírísì oníbàbà fẹ́lẹ́, kí díìsìkì má baà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ mìíràn. Ojú tí díìsìkì ń jókòó lé gbọ́dọ̀ gbẹ.

Díìsìkì tuntun ní epo tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà. Brake cleaner ló dára jù láti fi fọ̀ ọ́. Tí kò bá sí, omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn fífì rẹ̀, ẹ fi bóòtì táyà de díìsìkì, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́ṣà tó nípọn sábẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan: bóòtì yẹn gùn fún rìímù, láìsí rìímù ó lè lọ kan nǹkan lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ papọ̀, tàbí kí ọkọ̀ máa fà sápá kan.

Kí ẹ tó ti písítìn padà, ẹ fi síríńjì fa ọ́ìlì bírékì díẹ̀ jáde nínú agolo rẹ̀, torí ó máa ròkè, ó sì máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ fi páàdì àtijọ́ lé písítìn, kí ẹ fi G-clamp tì í díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá le láti tì, ẹ yẹ rọ́bà etí písítìn wò bóyá ó ti ya tí omi ti wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ sì ti wà níbẹ̀, tí ọ́ìlì náà bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí DOT 4. Ọ́ìlì bírékì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kì í hó títí yóò fi dé 230°C ó kéré tán. Tó bá ti mu omi tó ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155°C lásán ni ìlànà béèrè. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn pẹ̀lú ẹrù, ìyàtọ̀ yẹn ni pẹ́dà tó le àti pẹ́dà tó rì.

Bóòtì kálípà, 115 Nm. Bóòtì táyà, 110 Nm, kí ẹ máa fún un ní ìdàkejì ìdàkejì, ẹ má fún un yípo. Tí ẹ kò bá ní torque wrench (sípánà tó ń wọn bí ìfún ṣe le tó), ẹ wọn 50 cm lára ọwọ́ sípánà láti àárín bóòtì. Ìtẹ̀ tó tó nǹkan bí kílò 22 ní òpin rẹ̀ fún yín ní 110 náà. Ẹ má jẹ́ kí fọganáísà ki páìpù gígùn bọ sípánà kó gun orí rẹ̀. Bóòtì tí wọn kò fún dọ́gba máa ń fa díìsìkì wọ́ láti àárín, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe á di asán.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa lọ kanlẹ̀ torí písítìn ti padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ara ògiri ọgbà ló máa dúró sí.

Ní ti páàdì tuntun: ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí èrò, ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú. Ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ bírékì níwọ̀nba títí dé 20, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún sáré kó lè tutù, nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tí ẹ bá dúró gbagidi nígbà tó gbóná, páàdì á fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú kan lórí díìsìkì, gbígbọ̀n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ dán an wò lórí òkè Mọ́kọ́lá tàbí òkè Mápó.

Awakọ̀ Micra, Ìwó Road

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Ṣé Micra náà lèèyàn lè fi gírísì sí bẹ́árìn iwájú rẹ̀ báyìí? Tèmi náà ti ń hùn.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Agbowó

Rárá o, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnì Micra ti ń fa ọkọ̀, bẹ́árìn iwájú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti dí pa, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọnú irin. Corolla àti Camry rí bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá ti ń hùn, pípààrọ̀ ni, ẹ sì gbé irin náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi òòlù lù ú wọlé níwájú yín, ẹ gba irin yín padà. Díìsìkì àti páàdì Micra ni ẹ lè ṣe fúnra yín nílé.

Oní-Hilux, Mọ́níyà

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ní Hilux àtijọ́ tí táyà iwájú rẹ̀ kì í fa ọkọ̀. Bẹ́árìn tiwa náà ń gba gírísì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn họ́ọ̀bù ni díìsìkì wà, bóòtì ló dì í mú. Họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ jáde kí díìsìkì tó jáde, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ díìsìkì ti dé inú bẹ́árìn dandan. Nọ́ọ̀tì tiwa ní pín-ìn-nì: ẹ má dá pín-ìn-nì àtijọ́ padà, kò wọ́n. Ẹ má sì lo ìwọ̀n V-boot fún Hilux, kí ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín.

Awakọ̀ Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti tú ọ̀tún, mo sì ti fọ̀ ọ́. Bẹ́árìn ìta dán, àmì kíún bí àwọ̀ tíì wà lára rẹ̀, ó sì kúrò nígbà tí mo fi aṣọ nù ún. Ṣùgbọ́n nínú òrùka bẹ́árìn inú, àwọn ìlà tín-ín-rín wà tí ààyè àárín wọn dọ́gba. Tí mo bá fi èékánná gbà á, ó ń kọ́ díẹ̀. Ṣé mo lè lò ó?

Bàbá Jáàkì, Àpáta

Àwọ̀ tíì tó kúrò lára aṣọ, gírísì àtijọ́ ló sun mọ́ ọn, kò ní nǹkan kan ṣe. Àwọn ìlà yẹn ni ẹjọ́ wà lórí wọn. Wo ààyè tó wà láàárín wọn, wàá rí i pé ó bá ààyè àárín róólà mu. Róólà ti tẹ ara wọn sínú òrùka, bóyá kòtò ńlá ló fà á tàbí òòlù ẹni tó tú u tẹ́lẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èékánná ti kọ́, pààrọ̀ bẹ́árìn inú náà pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Ti ìta, o lè lò ó. Bí o bá rí àwọ̀ búlúù, ihò wínníwínní, àmì ìpẹtà tí kò nù, tàbí àgò tó tẹ̀, ìdáhùn kan náà ni.

Tí o bá ti parí, wa ọkọ̀ bíi kílómítà 10 lójú ọ̀nà tí o kò ti ní tẹ bírékì púpọ̀, dúró, kí o fọwọ́ kan ìdérí àárín táyà méjèèjì. Ó lè lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè gbé orí rẹ̀, òsì àti ọ̀tún kò sì gbọdọ̀ jìnnà síra wọn. Tí ọ̀kan bá ń jó ọ lọ́wọ́, gbé e sókè, tú kálípà kúrò, yí họ́ọ̀bù wò: tó bá ń yí fàlàlà, kálípà ló ń dì, tó bá ṣì le, dá nọ́ọ̀tì padà díẹ̀. Lẹ́yìn bíi kílómítà 100, tún fi 110 Nm yẹ bóòtì táyà wò, gbé iwájú sókè, kí o fi ọwọ́ mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, kí o mì ín. Bẹ́árìn òsì tó jẹ́ tuntun lè ti jókòó sí i díẹ̀ ní àsìkò yẹn, kí o sì tún ti wọ́ṣà rẹ̀ wò.